Òrùlé Ọkọ̀ Klaus àti Ẹnu Bọ̀ọ̀dá Ráúfù

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni Jámánì ṣe rí, èmi náà á rẹ́rìn-ín, mà á ní ó tutù. Ó tutù lóòótọ́. Ẹ̀wù lórí ẹ̀wù ni mo ń wọ̀ bí eégún. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ni kò jẹ́ kí n lè jókòó kí n ròyìn fún yín. Ìtìjú ni mo gbé bọ̀ láti ọ̀hún, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kò sì rí i nínú báàgì mi. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Ráúfù kí n tó kọ èyí sílẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá máa kọ ọ́, kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Àwọn tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Wàídì pánẹ́ẹ̀lì-bítà, ẹ̀bá ọ̀nà Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ tó bá fẹnu gbá ògiri, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Bọ̀ọ̀dá Ráúfù ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì wà nígbà tí wọ́n lọ sí Jámánì, nígbà tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì ni wọ́n ní kí n wá wo ibi tí àwọn ti lo ayé àwọn.

Wedding

Wedding ni wọ́n ń pe àdúgbò tí Bọ̀ọ̀dá ń gbé ní Berlin. Mo ti múra sílẹ̀ láti rí òyìnbó. Bí a ṣe jáde láti inú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ báyìí, ohùn tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ti obìnrin kan tó gbé fóònù sétí, tó ń sọ fún ẹnì kan ní Agége pé kò gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ yẹn o, òun ń bọ̀ ní Kérésìmesì. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta iṣu wà níwájú, ibi tí wọ́n ti ń dirun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èèyàn kan sì ń kọrin ìyìn nínú ilé kan lókè. Mo bi ara mi pé ṣé bàlúù ni mo wọ̀ ni, àbí mo kàn rìn yí Ṣàpọ́n po l'Abẹ́òkúta.

Ìgbà tí a dé ilé ni mo tó mọ̀ pé àjò ni mo wà. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lórí àtẹ̀gùn ni mo ń kí, mo ń tẹrí ba díẹ̀ fún àgbà, bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ìyá àgbà kan dúró pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí mo tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yára wọlé tilẹ̀kùn. Bọ̀ọ̀dá ní kí n rọra. Wọ́n ní bí mo bá ń kí àwọn èèyàn tó báyìí, wọ́n á rò pé mo fẹ́ ta nǹkan fún wọn ni. Ó dùn mí díẹ̀. Ẹni tí kò bá kí èèyàn ní ilé wa, a máa ń sọ pé wọn ò kọ́ ọ nílé.

Àǹtí Sìkírá, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá, ló mú ara mi balẹ̀. Bí wọ́n ṣe dàgbà jù mí lọ tó yẹn, "ọkọ mi" ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé wọ́n ti bí mi sínú ilé kí wọ́n tó gbé wọn wọlé. Ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́jú wọn. Ọbẹ̀ tí wọ́n sè fún mi lọ́jọ́ tí mo dé, ẹ má bi mí. Mo lá àwo náà.

Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ iṣẹ́ tí Bọ̀ọ̀dá ṣe. Ohun tí a ń gbọ́ nílé ni pé iléeṣẹ́ tó ń tún ọkọ̀ ṣe ni wọ́n wà. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Àwọn ni wọ́n ń gbá a, tí wọ́n ń nù ún. Wọ́n sọ ọ́ fún mi wẹ́rẹ́ bí a ṣe ń jẹun, wọn ò sì gbé ojú sókè. Mo ní iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́, a sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Lichtenberg

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e ni Bọ̀ọ̀dá mú mi lọ sí Lichtenberg, níbi tí ilé gogoro pọ̀ sí, tí àwọn ilé ẹ̀rọ àtijọ́ sì tò sẹ́yìn wọn. Inú ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀rọ náà ni àwọn òyìnbó kan ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Kì í ṣe ọkọ̀ oníbàárà o. Ọkọ̀ tiwọn ni, fún ìgbádùn ara wọn. Ibẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá ti gbálẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Mo wọlé, mo sì rò pé gbogbo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ ló ti ní jàǹbá. Ford ayé àtijọ́ kan kò ní mọ́gáàdì, táyà rẹ̀ yọ síta bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Òmíràn kò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní gbangba, ó ń dán bí abọ́ tuntun. Wọ́n ti gé òrùlé òmíràn kúrò, wọ́n dín òpó tó gbé e dúró kù, wọ́n wá dá òrùlé náà padà sórí, tó fi jẹ́ pé fèrèsé rẹ̀ kò ju ibi tí èèyàn lè yọjú lọ. Bí ẹnì kan bá gbé irú rẹ̀ wá bá mi ní Láfẹ́nwá, ohun tí mà á kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé kò sí ẹni tó kú.

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní hot rod ni wọ́n ń pè é, pé bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Wọ́n mú mi lọ bá bàbá kan tó ń jẹ́ Klaus, òun ni àgbà láàárín àwọn ọkùnrin náà. Hamburg ló ń gbé, ó kàn máa ń wá bẹ̀ wọ́n wò ni, irun rẹ̀ ti funfun tán, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n bó bá gbé ife. Èmi kò gbọ́ èdè Jámánì, Klaus kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju orúkọ ẹ̀yà ọkọ̀ lọ. Nítorí náà, gbogbo ohun tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ bá ara wa sọ, ẹnu Bọ̀ọ̀dá ló gbà. Bọ̀ọ̀dá sì mọ ọ̀rọ̀ túmọ̀. Wọ́n á fi àwàdà tiwọn sí i, wọ́n á fi òwe sí i, tí mo fi ń rò pé Klaus gbọ́ Yorùbá.

Klaus ní California ní Amẹ́ríkà ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti dá hot rod sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ sáré, agbára wọn kò sì ká ọkọ̀ tó ń sáré. Wọ́n lọ mú Ford ògbólógbòó tí ẹnikẹ́ni kò wò mọ́, wọ́n tú gbogbo ohun tó wúwo lára rẹ̀ dà nù, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára sí i, wọ́n wá gbé e lọ sí ibi tí adágún omi ti gbẹ, tí ilẹ̀ ti tẹ́jú lọ rẹrẹ, wọ́n ń bá ara wọn sáré níbẹ̀. Àwọn kan gé òrùlé kúrú kí atẹ́gùn má bàa dá ọkọ̀ dúró. Nígbà tí wọ́n ti ojú ogun Hitler dé, tí wọ́n ti mọ̀ nípa ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ ológun, iṣẹ́ náà wá gbilẹ̀. Àwọn sójà Amẹ́ríkà tó jókòó sí Jámánì lẹ́yìn ogun ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn gé òrùlé Ford kan níbí, nígbà tó ń lọ sílé ó fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ náà ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ Klaus.

Ibi tí sójà náà ti so òrùlé pọ̀ ti dípẹtà. Nílé rẹ̀ ní Hamburg, Klaus ti gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, ó ti jó irin tuntun pọ̀ mọ́ ọn. Ohun tó kù ni láti fi òjé bo ojú ibi tó jó náà, bí àwọn ìṣáájú ṣe ń ṣe é, kí èèyàn má mọ̀ mọ́ pé wọ́n gé nǹkan níbẹ̀ rí. Kò fẹ́ pọ́tì inú agolo tí gbogbo wa ń lò. Òjé ló fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò dúró sójú kan mọ́. Ó gbé ọwọ́ náà sókè kí n rí i, ó sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí i tí ojú Bọ̀ọ̀dá tàn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ èdè Jámánì. Wọ́n sọ ọ́ pẹ́. Àwọn ọkùnrin náà yíjú sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Klaus mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò lọ́jà, ó sì mi orí pé ó dáa. Wọ́n fa àga fún èmi àti Bọ̀ọ̀dá sídìí tábìlì, wọ́n gbé kọfí àti kéèkì wá. Mo ń rẹ́rìn-ín kiri. N kò mọ ohun tí mo ń rẹ́rìn-ín sí.

Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo tó bi wọ́n.

"Mo sọ fún wọn pé àwọn baba wa ló ń fi òjé tún ọkọ̀ àwọn òyìnbó ṣe láyé ìjọ́un," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Mo ní ọwọ́ wọn lo ti jogún ẹ. Pé gbogbo panel-beater Abẹ́òkúta pátá, ìwọ lọ̀gá wọn. Klaus ní kó o wá bá òun ṣe roof yẹn ní Hamburg. Mo ní no problem, o máa ṣe é."

Òótọ́ wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Bàbá wa àgbà lo òjé, Bọ̀ọ̀dá sì fojú rí i nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n kí èmi tó wọ iṣẹ́, òjé ti lọ. Pọ́tì ni ọ̀gá mi kọ́ mi, pọ́tì ni mo mọ̀. Ti pé mo jẹ́ ọ̀gá gbogbo pánẹ́ẹ̀lì-bítà, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lẹ mọ̀ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ wa gan-an, wọn ò fi mí ṣe é.

Ẹ lè ní kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó pè mí wá láti ilé, tí mo ń sùn sínú ilé rẹ̀, ṣé kí n wò ó lójú kí n ní irọ́ ló pa? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Wọ́n fọwọ́ gbá mi nítan pẹ́pẹ́, inú wọn ń dùn.

Ilé ìdáná Àǹtí Sìkírá

Bí ọ̀rọ̀ àgbà bá ṣòro í sọ fún un, ìyàwó rẹ̀ la máa ń gbà. Mo dúró títí Bọ̀ọ̀dá fi lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo wọ ilé ìdáná lọ bá Àǹtí Sìkírá, mo kúnlẹ̀, mo kó gbogbo ẹjọ́ náà fún wọn. Mo ní kí wọ́n bá mi fi ọgbọ́n sọ fún Bọ̀ọ̀dá kí a tó dé Hamburg, kí n má lọ ba nǹkan bàbá onínǹkan jẹ́.

Wọ́n dín iná ọbẹ̀ kù.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín," ni wọ́n wí. "Àwọn òyìnbó Werkstatt yẹn, ibi iṣẹ́ ẹ̀, ò burú. Wọ́n máa ń kí i dáadáa, wọ́n ń fún un ní gift tó bá di Christmas. But gbogbo ọdún tó fi gbálẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé kó wá jókòó sídìí tábìlì yẹn. Sátidé tí ẹ jọ lọ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́. Ó délé, ó ń rẹ́rìn-ín lórí bed bí ọmọ kékeré. Ṣé èmi ni mo máa wá lọ gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mo dìde, mo bá wọn gé àlùbọ́sà.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, àga tí wọ́n fa fún Bọ̀ọ̀dá ni mo fà kúrò lábẹ́ ìdí wọn yẹn. Bí mo bá dákẹ́, òrùlé tí Klaus ti fi sùúrù ṣe ni mo máa fi iná bàjẹ́, kò sì ní ọwọ́ tó máa fi ṣe òmíràn mọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí wo fídíò lórí fóònù. Mo wo òyìnbó oríṣiríṣi tó ń yọ́ òjé sára irin, ó sì rọrùn lójú. Mo ní bóyá Ọlọ́run á ṣe é. Èmi tí mo ti lé ọmọ iṣẹ́ lọ rí nítorí pé ó ní òun ti wo iṣẹ́ lórí fóònù, èmi náà ni mo wá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Hamburg

Omi àti atẹ́gùn ni Hamburg. Ọkọ̀ ojú omi tó tó ilé alájà ń kọjá láàárín ìlú, àwọn ẹyẹ funfun sì ń ké lókè bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Klaus wá pàdé wa. Òun nìkan ló ń dá gbé, ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ilẹ̀ ibẹ̀ sì mọ́ débi pé mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n wọ̀ ọ́ padà, irin lè gún mi lẹ́sẹ̀.

Ó ti pèsè oúnjẹ dè wá: búrẹ́dì dúdú, wàràkàṣì, ẹyin àti ọ̀dùnkún. Ó ti ní kí Bọ̀ọ̀dá sọ fún mi pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mà á jẹun. Ebi ń pa mí kú lọ, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí kì í sáré sí oúnjẹ. Mo ní rárá, ẹ ṣé, mo ti yó. Mo ń retí pé kí ó tún fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Klaus gbé àwo iwájú mi, ó dá a padà sínú fíríìjì. Bọ̀ọ̀dá wò mí, wọ́n wo àwo tiwọn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì tó ra búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹja tútù tí wọn ò sè sí láàárín, kí ó tó bi mí tán ni mo ti gbà á. Mo gbé e mì pẹ̀lú àlùbọ́sà rẹ̀, omi ń jáde lójú mi.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹ̀wù. Klaus ti lọ aṣọ iṣẹ́ kan fún mi, ó fi kọ́. Ó to àwọn pátákó pẹlẹbẹ sórí tábìlì, àwọn tí wọ́n fi ń tẹ òjé tó bá rọ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ wọn nígbà tí ọwọ́ náà ṣì dúró. Bọ̀ọ̀dá túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé ó ti pẹ́ tó ti ń tọ́jú wọn de ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Mo ń fi ọwọ́ pa igi náà, ó ń dán, n kò sì lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó tó àsìkò, Klaus tan iná gáàsì, ó dín in kù títí ahọ́n rẹ̀ fi rọ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọkọ̀ náà dúró síwájú mi, irin lásán, kò tíì ní ọ̀dà. Ojú ibi tó jó pọ̀ lọ yíká òrùlé bí àpá ọ̀bẹ dókítà. Bọ̀ọ̀dá ti gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín nílé. Wọ́n ní, "Wàídì, kọjú síbí díẹ̀." Mo kọjú síbẹ̀. Gbogbo fídíò tí mo ti wò lọ kúrò lórí mi pátápátá.

Mo dá iná náà padà fún Klaus. Mo bọ́ síwájú Bọ̀ọ̀dá Ráúfù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì.

Klaus rò pé mo rí nǹkan lábẹ́ ọkọ̀ ni. Ó pa iná, ó rọra kúnlẹ̀ tòun ti ogbó, ó dorí kodò, òun náà ń wo abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú mi, ó ń bèèrè nǹkan lédè rẹ̀. Bí ó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Èmi náà ti gbìyànjú láti rín in, kò gbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí," ni mo wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò fọwọ́ kan òjé rí láyé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún bàbá yìí kí n tó ba mọ́tò ẹ̀ jẹ́."

Fóònù náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá. Ohunkóhun tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè sọ. Wọ́n lè ní ẹ̀yìn ló ń ro mí, wọ́n lè ní bí a ṣe ń gbàdúrà kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, èmi kò ní mọ̀, Klaus náà kò ní mọ̀. Mo dojú bolẹ̀, mo ń retí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ Jámánì tó kúrú jù tí mo ti gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí mo dé. Mo gbọ́ "ich" nínú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo ti mọ̀ nígbà náà pé "èmi" ni ó túmọ̀ sí. Wọn ò dárúkọ mi rárá.

Klaus di ọkọ̀ mú, ó dìde. Ó bi Bọ̀ọ̀dá ní ìbéèrè kan, Bọ̀ọ̀dá tẹ orí ba, wọ́n dá a lóhùn. Klaus gbé èjìká sókè, ó sì lọ se kọfí.

Mo bi wọ́n pé kí ni bàbá náà wí.

"Ó ní kí ló dé tí mi ò tètè sọ," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Ó ní òun máa kọ́ ẹ. Dìde, ilẹ̀ tutù."

Ó tán nìyẹn. Lójú Klaus, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò bínú, kò fi wá ṣe ẹlẹ́yà, ó bi wá bóyá a fẹ́ ṣúgà. Bó bá ti bú wa ni, à bá bẹ̀ ẹ́, ara ì bá tù wá. Ẹni tí kò bínú, báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀ ẹ́? Bọ̀ọ̀dá di ife kọfí wọn mú títí ó fi tutù, wọn ò mu ún.

A ní ìdọ̀bálẹ̀ ni ọ̀wọ̀. Mo ti rò ó dáadáa láti ìgbà náà, èyí tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀. Nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n tí àbúrò rẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀ fún lójú àlejò kò ní ibi tó máa sá gbà. Èmi ni mo dojú bolẹ̀, Bọ̀ọ̀dá ni mo bì ṣubú. Ikú yá jẹ̀sín lọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, mo sì fi ẹ̀sín lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ní ìlú tí kò ti sí ará ilé kan tó máa bá a gbé e.

Òjé

Klaus kọ́ mi lóòótọ́. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ fọ irin náà títí yóò fi funfun, wọ́n á fi èròjà kan pa á lára kí òjé lè dì mọ́ ọn. Wọ́n á wá fi iná rà bàbà lórí rẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó pọ̀. Bí iná bá pọ̀, òjé á ṣàn wálẹ̀ bí omi. Bí kò bá tó, á kán bí àkàrà tó ti sùn. Àárín méjèèjì ni yóò ti rọ̀ bí ìda, ibẹ̀ ni ẹ máa fi pátákó tí ẹ ti fi ọ̀rá pa tẹ̀ ẹ́ síbi tí ẹ fẹ́. Bó bá tutù tán, fáìlì lẹ máa fi rẹ́ ẹ, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi sáńpépà họ ọ́, eruku rẹ̀ májèlé ni. Òjé tó bọ́ sórí bàtà mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pọ̀ ju èyí tó dì mọ́ ọkọ̀ lọ. Klaus á mi orí, á ní kí n tún un ṣe. Títí ó fi di ọjọ́ kan tó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tó ń gbọ̀n rin ojú ibi tí mo ṣe, tó pa ojú dé, tí kò sì sọ pé kí n tún un ṣe.

Bọ̀ọ̀dá dúró láàárín wa ní gbogbo ìgbà náà, wọ́n ń túmọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Klaus nìkan ló ń jáde lẹ́nu wọn. Kò sí àwàdà nínú rẹ̀ mọ́, kò sí òwe. Klaus ní gbé iná sókè, wọ́n ní gbé iná sókè. Bí mo bá fẹ́ bẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní ó ti tán. Nígbà tí a ń padà sí Berlin, wọ́n bó ọsàn fún mi nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì ń wo ìta. Àǹtí Sìkírá ṣílẹ̀kùn fún wa, wọ́n wo ojú ọkọ wọn, wọ́n wo tèmi. Ẹja tó tóbi jù nínú ìkòkò ni wọ́n gbé síwájú Bọ̀ọ̀dá.

Spandau

Kí n tó máa bọ̀ nílé, àwọn ọlọ́kọ̀ náà pàdé ní Spandau lọ́jọ́ ìsinmi kan. Spandau ti jẹ́ ìlú tẹ́lẹ̀ kí Berlin tó gbé e mì, àwọn ará ibẹ̀ sì ń sọ pé ìlú ṣì ni. Bọ̀ọ̀dá ò fẹ́ lọ. Àǹtí Sìkírá ló lọ aṣọ wọn, tí wọ́n gbé fìlà lé wọn lọ́wọ́.

Ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí ọjà. Àwọn obìnrin gbé ọmọ sẹ́yìn ọrùn, wọ́n ń wo ẹ́ńjìnnì. Klaus gbé Ford náà wá láti Hamburg. Ó ti fi ọ̀dà àkọ́kọ́ lé e, òrùlé rẹ̀ sì lọ tààrà láti iwájú dé ẹ̀yìn láìsí ibi tí ojú ti lè dúró. Àwọn ọkùnrin Lichtenberg yí i ká. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀kan nínú wọn rí Bọ̀ọ̀dá lọ́ọ̀ọ́kán, ó pè wọ́n, ó sì fa àga sílẹ̀ fún wọn sídìí tábìlì láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àga náà ṣì wà ńbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá jókòó sí etí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tètè dìde.

Àwọn tí kì í ṣe ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè pé ta ló ṣe òrùlé náà. Klaus na ìka sí mi. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ń da ìbéèrè bò mí, ibo ni mo ti wá, báwo ni mo ṣe ṣe é, n kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Klaus rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí Bọ̀ọ̀dá pé kí àwọn èèyàn náà bi wọ́n. Gbogbo wọn bá yíjú sí Bọ̀ọ̀dá.

Òótọ́ ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí Bọ̀ọ̀dá bá ní àbúrò àwọn ni, ará Abẹ́òkúta ni, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, kò sí ẹni tó lè pè wọ́n lónírọ́. Èmi gan-an ń retí rẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n bù mọ́ ọn pàápàá. Mo rí i tí ẹnu wọn là. Mo rí i tó pa dé. Wọ́n tẹ orí ba, wọ́n wá rọra yíjú sí mi, ohùn wọn sì rẹlẹ̀ débi pé mo ní láti bẹ̀rẹ̀ kí n tó gbọ́.

"Wàídì," ni wọ́n wí, "kí ni kí n sọ fún wọn?"

Àwọn òyìnbó náà di ife kọfí wọn mú, wọ́n ń dúró.